Ọkọ́ onítáyà, okùn ìgbìn àti ẹ̀gúsí: bí a ṣe ń bá èpò jà lóko àgbàdo l'Abẹ́òkúta

Ilẹ̀ náà

Ilẹ̀ tí a gbà yìí kò tó éékà méjì. Ọ̀nà Alábàtà ló wà, lẹ́yìn FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta. Ẹ̀gẹ́ ni bàbá onílẹ̀ ń gbìn síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó gbìn ín títí ilẹ̀ fi ṣá, ó wá fi í sílẹ̀ fún igbó. Nígbà tí a máa fi débẹ̀, ewé Akíntọ́lá ti bo òkè, koríko gíga tí màlúù fẹ́ràn ti gba àárín, ìsàlẹ̀ tó sún mọ́ odò sì ti di ti ẹ̀kan pátápátá. Ẹni tó bá wọ sílípáàsì débẹ̀ yóò mọ ohun tó gún un lẹ́sẹ̀.

Àgbàdo òjò àkọ́rọ̀ ni mo fẹ́ gbìn. Àdéhùn tí èmi àti àbúrò mi ṣe ni pé a ò ní fọ́n oògùn apakoríko, a ò sì ní máa sáré wá alágbàro kiri nígbàkigbà tí èpò bá gbérí. Ti oògùn kò ṣòro láti fi sílẹ̀. Méjì nínú èyí tí àwọn àgbẹ̀ àgbàdo mọ̀ dáadáa, paraquat àti atrazine, NAFDAC ti ní kí wọ́n kúrò lọ́jà: ọjọ́ 1 Oṣù Kìíní 2024 ni wọ́n dá fún paraquat, ọjọ́ 1 Oṣù Kìíní 2025 fún atrazine. Glyphosate ṣì wà, ó sì ń pa ẹ̀kan nítorí pé ó máa ń gba ara ewé wọ inú gbòǹgbò lọ. Ṣùgbọ́n odò tí àwọn ará abúlé ń pọn wà nísàlẹ̀ oko, mi ò fẹ́ kí ọwọ́ mi wà nínú ohunkóhun tó bá ṣàn lọ síbẹ̀.

Ti alágbàro ló le, àní kí a yọ ọ̀rọ̀ owó sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àsìkò kan náà ni èpò máa ń gbérí nínú gbogbo oko láti Ọ̀bántokò dé Òdẹ̀dá, àsìkò yẹn náà ni gbogbo wa máa ń wá àwọn ènìyàn kan náà. Tí wọ́n bá ti sọ fún ọ pé, "Ẹ jẹ́ ká parí ti Alhaji ná, ọ̀la la máa dé ọ̀dọ̀ yín," ọ̀la yẹn lè di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àgbàdo kò sì lè dúró dè wọ́n. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta lẹ́yìn ìgbìn, títí dé ìkẹfà tàbí ìkejọ, ni èpò ń ṣe é ní jàǹbá jù. Ewé rẹ̀ kò tíì bo ilẹ̀ nígbà náà, oòrùn ń kan ilẹ̀ láàárín poro, èpò sì ń bá a du omi àti oúnjẹ ilẹ̀. Èyí tó bá hù lẹ́yìn tí ewé àgbàdo ti pàdé lókè kò fi bẹ́ẹ̀ lè dín ọmọ rẹ̀ kù, àfi kó yọ ẹni tó ń kórè lẹ́nu, kó sì gbọn irúgbìn sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ro oko rẹ̀ mọ́ tónítóní ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, tó sì jẹ́ kí ti ìkẹta kọjá, ti náwó lásán.

Ohun tí mo wá ń wá ni irinṣẹ́ tí ènìyàn méjì lè fi gba oko kọjá láàárín ọjọ́ díẹ̀, lọ́jọ́ tó bá wù wọ́n. Ọkọ́ onítáyà ni: táyà kan níwájú, abẹ kan lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ méjì tí èèyàn ń tì lóòró láìtẹ ẹ̀yìn. Ó ti pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ ti ń lò ó nílẹ̀ òkèèrè. Láti rà á wá síbí, owó rẹ̀ kò bá iṣẹ́ wa mu, ni mo bá ní ká ṣe é.

Oṣù Kejì: okùn ṣáájú irin

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà ni mo ti mọ ìwọ̀n abẹ, nítorí pé ìlà ìgbìn ló ń pàṣẹ fún irinṣẹ́. Àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ máa ń ní kí àlàfo ìlà àgbàdo jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 75. Bí o bá fi sẹ̀ǹtímítà 25 sáàárín ihò kan sí èkejì tí o fi igi kan sílẹ̀ níbẹ̀, tàbí tí o fi 50 sáàárín wọn tí o fi igi méjì sílẹ̀, iye kan náà ni yóò jáde: nǹkan bí igi 53,333 lórí hẹ́kítà kan. Èmi mú 50 pẹ̀lú igi méjì. Ìdí rẹ̀ kò ju ti èpò lọ. Ọkọ́ onítáyà kò lè wọ àárín igi sí igi lórí ìlà, ọkọ́ ọwọ́ ni yóò ṣe ibẹ̀, ọkọ́ ọwọ́ sì fẹ́ àyè. Àyè sẹ̀ǹtímítà 50 tó fún un láti yí.

Nínú 75 yẹn, mo yọ 12 sílẹ̀ lápá ọ̀tún àti 12 lápá òsì kí abẹ má baà kan ìdí àgbàdo. Ó ku 51. Abẹ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25 yóò parí poro kan ní àlọ àti àbọ̀. Mo rò ó bóyá kí n ṣe abẹ 50 kó lè jẹ́ àlọ nìkan, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Abẹ́òkúta kì í ṣe ilẹ̀ tí èèyàn ń ti abẹ gbàràmù sí. Ìlú orí àpáta ni wá. Lábẹ́ iyanrìn yẹn òkúta wẹẹrẹ pọ̀, abẹ tó bá fẹ̀ jù yóò máa kọsẹ̀ níbi gbogbo.

Lọ́dọ̀ wẹ́dà àti alágbẹ̀dẹ

Táyà kẹ̀kẹ́ ọmọdé, oní-íǹṣì 20, ni mo rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù irin ní Làfẹ́nwá, pẹ̀lú fọ́ọ̀kì iwájú rẹ̀. Wẹ́dà ní ti àgbàlagbà ló yẹ kí n rà nítorí pé ó máa ń gun òkìtì dáadáa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí táyà bá ṣe ga tó ni agbára ọwọ́ yóò ṣe máa lọ sí iwájú tó, dípò kó sọ̀ kalẹ̀ sórí abẹ. Mo fẹ́ kí ọwọ́, ásù táyà àti abẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan tó ń dagun lọ sílẹ̀. Oní-20 ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa.

Wẹ́dà gé fọ́ọ̀kì kúrò lára férémù, ó jó o mọ́ irin pẹlẹbẹ kan tó nípọn, irin yẹn ló gbé abẹ dání lẹ́yìn. Páìpù oní-íǹṣì kan méjì ló fi ṣe ọwọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 120, ó sì lu ihò mélòó kan sí ìdí wọn kí a lè fi bóòtù gbé e sókè tàbí sọ ọ́ kalẹ̀. Àbúrò mi ga jù mí lọ púpọ̀. Bí ọwọ́ bá rẹlẹ̀ fún ẹni tó ń tì í, ẹ̀yìn ni yóò fi sanwó, a ò sì kúrò lórí ọkọ́ kékeré tí à ń tẹ̀ wárá fún torí kí ẹ̀yìn tún máa dùn wá.

A kò fa afẹ́fẹ́ sí táyà náà rárá. Ẹ̀gún patanmọ́ pọ̀ lóko yẹn ju ohun tí fọkanáísà lè máa lẹ̀ lójoojúmọ́. A gé túúbù àlòkù wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, a kì wọ́n sínú táyà títí ó fi le. Ó wúwo díẹ̀ sí i, àmọ́ ìwúwo níwájú kò burú fún irú iṣẹ́ yìí.

Abẹ ló gba àkókò. Wẹ́dà fẹ́ gé e lára àdá, mo kọ̀ ọ́, nítorí pé àdá tẹ́ẹ́rẹ́ yóò máa ká bí ó bá pàdé òkúta. Mo gbé sípíríǹgì mọ́tò lọ bá bàbá alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ọkọ́ àti àdá fún àwọn ará Òdẹ̀dá. Irin yẹn ni wọ́n ti máa ń lò tẹ́lẹ̀, ó le, ó sì máa ń nà. Bàbá wò mí, wọ́n wo àwòrán tí mo yà sórí ìwé.

"Ọkọ́ wo lèyí tí kò ní orí, tí kò ní èèkù?"

"Bàbá, a kì í gbé e sókè. Títì ni, kó máa gé gbòǹgbò koríko lábẹ́ ilẹ̀ bó ṣe ń lọ."

"Lápá ibo ló mú?"

"Lápá méjèèjì, Bàbá. Bí a bá tì í kó gé, bí a bá fà á padà kó tún gé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn kò tíì rọ ohun tó ń jẹun lẹ́yìn níwájú rí, wọ́n sì sọ irin sínú iná. Wọ́n lù ú títí ó fi fẹ́lẹ́ tó nǹkan bíi mìlímítà 3, wọ́n tẹ etí rẹ̀ méjèèjì sókè kí ó lè dúró bí ìdúró àga, wọ́n lu ihò sí òkè fún bóòtù. Inú omi ni wọ́n kọ́kọ́ tì í bọ̀. A gbé e lọ síbi tí òkúta wà lẹ́yìn ilé wọn, a dán an wò, ẹnu rẹ̀ sì hán. Omi ti mú un le jù, líle láìní ìrọ̀rùn sì ni ohun tó ń mú irin ya. Bàbá fúnra wọn ló dá a padà síná, wọ́n tì í bọ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àlòkù, wọ́n tún yan án díẹ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ fi ń pọ́n bí oyin. Èyí ló wà lára ọkọ́ títí di òní, fáìlì nìkan ni à ń fi pọ́n ọn.

Bí abẹ ṣe ń wà lára irin gbígbé náà ṣe pàtàkì. A kò de bóòtù rẹ̀ pa. Ó ń mì síwá sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ lè dagun wọlẹ̀ ní àlọ, kó tún dagun wọlẹ̀ ní àbọ̀. Bí ó bá dagun jù, yóò rì; bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, yóò máa yọ̀ lórí ilẹ̀. Ìṣó kékeré tí wẹ́dà jó sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń dá a dúró níbi tó yẹ. Sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta ni mo fẹ́ kó wọlẹ̀, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ irúgbìn èpò tó sùn nísàlẹ̀ kò ní hù bí ìmọ́lẹ̀ kò bá kàn án. Ẹni tó bá ń wa ilẹ̀ jinlẹ̀ lórúkọ pé òun ń ro oko ń jí àwọn tó sùn.

Oṣù Kẹta: òjò àkọ́kọ́ kì í ṣe ti àgbàdo

A ṣán igbó, a kò sun ún. Tírákítọ̀ gba òkè àti àárín kọjá lẹ́ẹ̀kan, a kò kọ ebè, torí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni táyà fẹ́. Mo dúró sẹ́nu ààlà ìsàlẹ̀ fúnra mi kí onítírákítọ̀ má baà wọ inú ẹ̀kan. Ẹ̀kan kì í kú nítorí pé a gé gbòǹgbò rẹ̀. Èyí tí a gé sí mẹ́wàá lè di ìdí mẹ́wàá, irin tírákítọ̀ yóò sì fà wọ́n dé ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Inú rẹ̀ kò dùn pé mo ní kó yí padà, ó ní òun lè "fọ gbogbo rẹ̀ mọ́" fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni a jókòó, tí a kò gbin nǹkan kan. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, àwọn aládùúgbò gbé irúgbìn jáde. Ìyá tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ti ta irúgbìn yín jẹ ni?" Mo ní, "Rárá, Màámi, èpò ni a kọ́kọ́ ń gbìn." Wọ́n mi orí, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ohun tí à ń dúró dè ni kí irúgbìn èpò tó wà lókè ilẹ̀ hù. Ó hù lóòótọ́: imí eṣú, tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún, ìgbálóde, àti èyí tí oje funfun máa ń jáde lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ewé méjì mẹ́ta ni a ti ọkọ́ onítáyà la oko já fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní ewé méjì, èpò kò ní agbára kankan: ó já, oòrùn ọ̀sán pa á. Àwọn tó hù lẹ́yìn èyí kéré gan-an, nítorí pé èyí tó ṣe tán láti hù ti hù, ó ti kú, a kò sì wa ilẹ̀ gbé òmíràn sókè.

Kì í ṣe ọ̀fẹ́, o. Àgbàdo tútù tó bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sun ún lẹ́bàá ọ̀nà ló ń gba owó gidi, nígbà tí ti gbogbo ènìyàn bá sì fi dé, owó ti já. Ẹni tí ọjà àgbàdo tútù àkọ́kọ́ ni ìrètí rẹ̀ kò ní fẹ́ràn ìdúró yìí. Àgbàdo gbígbẹ ni èmi fẹ́ fún púpọ̀ nínú rẹ̀, ìdúró náà kò pa mí lára tó bẹ́ẹ̀.

Oṣù Kẹrin: ìgbìn

A so kókó sí okùn ní sẹ̀ǹtímítà 50-50, a gé igi méjì tó jẹ́ 75 géérégé, a ń fi wọ́n sún okùn síwájú láti ìlà dé ìlà. Ó falẹ̀ ju ìgbìn ojú-ló-ń-wọ̀n-ọ́n lọ, kò sì sí bí a ṣe lè fò ó. Bí ìlà bá wọ́ ní sẹ̀ǹtímítà 10 péré, àgbàdo tó wà níbẹ̀ lè ṣòfò nígbà tí abẹ bá dé. Irúgbìn wa jẹ́ Suwan 1, àgbàdo pupa tó ti Thailand wá, tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ìwọ̀-oòrùn gúúsù mọ̀.

Imí adìẹ tó ti jẹrà dáadáa ni a bù sí ẹ̀gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan. A kò fọ́n ọn káàkiri, nítorí pé èyí tó bá bọ́ sáàárín poro, èpò ni yóò jẹ ẹ́. Wọ́n fi ìgbẹ́ màlúù lọ̀ mí ní ọ̀fẹ́, mo kọ̀ ọ́. Irúgbìn koríko máa ń gba inú màlúù kọjá láìkú. Bí a kò bá kó o jọ kí ooru ara rẹ̀ fi se é dáadáa, èpò tuntun ni èèyàn ń rù wọ oko.

Mo pín oko sí méjì. Apá òkè jẹ́ ti ọkọ́ onítáyà nìkan. Ní apá àárín, a gbin ẹ̀gúsí sáàárín poro lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú àgbàdo, ihò kan sí òmíràn nǹkan bíi mítà kan. Àwọn bàbá wa ti ń ṣe èyí tipẹ́: ẹ̀gúsí ń rá bo ilẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kò kan ilẹ̀ mọ́, èpò kò rí àyè hù. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni èwo nínú méjèèjì ló máa gbà wá lọ́wọ́ alágbàro jù.

Oṣù Karùn-ún: títì

Nígbà tí àgbàdo ní ewé mẹ́ta sí mẹ́rin ni a wọ apá òkè. Àárọ̀ ọjọ́ tí òjò kò rọ̀ ni a máa ń mú, kí oòrùn lè bá wa pa ohun tí a bá gé. Ìṣe rẹ̀ ni kí a tì í síwájú níwọ̀nba, kí a fà á sẹ́yìn díẹ̀, kí a tún tì í. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ fi agbára sáré gba ibẹ̀ lọ yóò tètè rẹ̀. Ènìyàn méjì, ọ̀kan ń tì, èkejì ń fi ọkọ́ ọwọ́ ṣe àárín igi sí igi, a sì ń pààrọ̀. Apá òkè parí kí àwọn alágbàro tó dé oko Alhaji rárá.

Abẹ kan àgbàdo níbi mélòó kan tí ìlà kò tọ́. Igi tó gé ewé rẹ̀ nìkan kò kú. Títí àgbàdo yóò fi ní bí ewé márùn-ún sí mẹ́fà, ibi tí ewé tuntun ti ń yọ ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀, ó sì máa ń rú padà. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ yí padà. Gbòǹgbò rẹ̀ ti ń na ọwọ́ sáàárín poro, kò sì jinlẹ̀, nítorí náà nígbà tí a tún wọlé ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo sún ìṣó abẹ kó má lè wọlẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ. Ẹ̀yìn èyí ni a bu erùpẹ̀ sí ìdí àgbàdo, ó gbé e ró fún ìjì, ó sì sin àwọn èpò wẹẹrẹ tó sá pamọ́ sórí ìlà.

Àwọn tí ọkọ́ onítáyà kò rí pa: gòdògbódò ni olórí wọn. Bí o bá gé e tí òjò bá rọ̀ lálẹ́, gbogbo ègé rẹ̀ yóò ta gbòǹgbò. Ọwọ́ ni a fi ṣa á, a kó o jáde kúrò lóko. Dáńdá náà, kókó abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ kò mọ̀ pé ẹnìkan gé òun. Ó ń yọ, à ń gé, ó tún ń yọ, ohun tí à ń retí ni kí agbára kókó náà tán díẹ̀díẹ̀, nítorí ìbòòji ewé àgbàdo kò bá a lára mu. Gbúre ni a kò bínú sí. Màámi aládùúgbò máa ń wá já a kí a tó débẹ̀, wọ́n á sì fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ọbẹ̀ wa.

Lọ́jọ́ tí òjò bá ti rọ̀ púpọ̀, ẹ má wulẹ̀ gbé ọkọ́ jáde. Erùpẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ abẹ, táyà yóò di ẹlẹ́rẹ̀, èpò tí ẹ bá sì gé yóò sùn mọ́jú, yóò dìde.

Apá ẹlẹ́gùúsí

Táyà kò lè wọ ibẹ̀. Ọkọ́ ọwọ́ ni a fi ro ó ní ọ̀sẹ̀ kẹta, lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ̀gúsí tó rá pàdé. Lóòótọ́, iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan yẹn le, torí pé a ní láti máa yẹra fún ìtàkùn rẹ̀. Kòkòrò pupa kan jẹ ewé rẹ̀ nígbà tó ṣì kéré, àwọn ihò kan ṣófo, a sì tún un gbìn. Àwọn ibi tó ṣófo yẹn ni èpò ti gbérí nígbẹ̀yìn. Ó hàn kedere bí ààlà.

Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ̀gúsí ti bo ilẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkẹfà, a kò padà síbẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ tutù lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí ohun kan tó hù àyàfi dáńdá díẹ̀ tó gba àárín ewé jáde. Màámi wá wò ó, wọ́n ní, "Ìgbà tí ẹ mọ èyí, kí lẹ tún ń ti kẹ̀kẹ́ kiri fún?" Mo rò ó. Èsì mi ni pé ẹ̀gúsí fẹ́ kí èèyàn ro ilẹ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀kan kó tó rá, ìgbà yẹn gan-an ni alágbàro wọ́n jù. Ẹni tó bá ní ènìyàn nílé tó lè ṣe ẹ̀ẹ̀kan yẹn ní àsìkò, kí ó gbin ẹ̀gúsí. Ẹni tó jẹ́ òun nìkan, kí ó ti ọkọ́ ní àkọ́kọ́, kó sì gbin ẹ̀gúsí tẹ̀lé e lọ́jọ́ kejì. Ìyẹn ni mo fẹ́ ṣe ní gbogbo oko lọ́dún tó ń bọ̀: títì lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí ẹ̀gúsí sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ abẹ.

Ẹ̀gúsí náà sì di owó. A kó o jọ, a fọ́ ọ, a jẹ́ kó rà, a fọ hóró rẹ̀, a sá a. Òórùn rẹ̀ lójú oòrùn, ẹni tó bá ti ṣe é rí kò nílò kí n ṣàlàyé.

Ẹ̀kan ìsàlẹ̀

Mi ò gbin àgbàdo kankan síbẹ̀. Ẹ̀kan kò bẹ̀rù abẹ, ohun tó ń pa á ni òkùnkùn. Gbòǹgbò rẹ̀ lè wà lábẹ́ ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n bí ewé kò bá rí oòrùn, kò ní rí ohun bọ́ gbòǹgbò. Nítorí náà a ṣán an lọ sílẹ̀ pátápátá ní Oṣù Karùn-ún, a gbin wèrèpè sí i.

Ọ̀rọ̀ wèrèpè yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti bàbá onílẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò fi ilẹ̀ àwọn sílẹ̀ fún ohun tó ń yún èèyàn dé egungun. Mo ní, "Bàbá, kì í ṣe èyí tó wà nínú igbó. Ẹ fọwọ́ kàn án." Wọ́n fọwọ́ kan pádi rẹ̀, irun tó wà lára rẹ̀ kò yún wọn. Irú tí wọ́n ń gbìn yìí yàtọ̀ sí ti igbó, òun ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin fi bá ẹ̀kan jà láti ìparí àwọn ọdún 1980 wá, tí àwọn IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn, náà sì ti ṣiṣẹ́ lé lórí gan-an. Ó máa ń ká ẹ̀kan mọ́lẹ̀, yóò bò ó, yóò sì fi oúnjẹ sílẹ̀ fún ilẹ̀ nítorí pé ó jẹ́ ìdílé ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sè é jẹ bí ẹ̀wà: èròjà L-DOPA wà nínú hóró rẹ̀, ó sì lè da orí rú. Mo kọ èyí sórí àpò irúgbìn tó kù, mo sì gbé e sókè àjà kí àwọn ọmọdé má baà rí i.

Ẹ̀kan gba àárín wèrèpè yọ kí ó tó bò ó, a tún ṣán àwọn ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní ìsinmi òjò Oṣù Kẹjọ, wèrèpè ti ga dé orúnkún, ẹ̀kan tó kù lábẹ́ rẹ̀ sì ti tẹ́ẹ́rẹ́, ó ti pọ́n. Mo fi ọkọ́ wa ilẹ̀ wò: gbòǹgbò ṣì wà, àwọn kan funfun, wọ́n sì le, àwọn kan ti ń rà. Kò tíì kú. Ọdún kan sí i ni yóò gbà, ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù ni iná. Wèrèpè máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí iná ọdẹ bá sì ràn án nígbà ọyẹ́, ẹ̀kan ni yóò kọ́kọ́ hù padà. A ti bẹ̀rẹ̀ sí gbá ààlà yí i ká.

Níbi tí iṣẹ́ dé

Apá méjèèjì ti kórè. Apá òkè àti apá ẹlẹ́gùúsí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra nínú àgbàdo tí wọ́n mú jáde. Ti ẹ̀gúsí ni mo kà sí èrè lé èrè. A kò kó pòpórò jáde, a kò sì sun ún. A tò ó sáàárín poro kó bo ilẹ̀ títí àgbàdo àrọ̀kúrọ̀ yóò fi wọlé. Ìṣòro rẹ̀ ni pé táyà kì í fẹ́ gun pòpórò, nítorí náà poro kan la tò ó sí, a fi èkejì sílẹ̀ lófìfo fún ọkọ́.

Bàbá onílẹ̀ ti ń béèrè ẹ̀gẹ́ wọn. Wọ́n ní ilẹ̀ tí kò sí ẹ̀gẹ́ lórí rẹ̀ kò jọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, láfún kì í sì í ti ọjà wá fún àwọn. A ti gbà pé kí ó wọ orí ìlà àgbàdo ní òjò tó ń bọ̀, mítà kan sí mítà kan, kó má ṣe bọ́ sáàárín poro.

Lára ọkọ́ fúnra rẹ̀, nǹkan méjì ló kù. Bóòtù abẹ ti ń jẹ ihò rẹ̀, ó ti fẹ̀, abẹ ń mì ju bó ṣe yẹ lọ. Wẹ́dà yóò fi páìpù kékeré kan há a gẹ́gẹ́ bíi búùṣì. Èkejì ni abẹ tẹ́ẹ́rẹ́, sẹ̀ǹtímítà 15, fún poro tí pòpórò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti fún ìgbà tí àgbàdo bá ti dàgbà. Bàbá alágbẹ̀dẹ ti gba sípíríǹgì rẹ̀. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ ọjà Òdẹ̀dá, àti pé èyí tí Màámi aládùúgbò ránṣẹ́ pé kí àwọn rọ fún òun náà wà nínú iná.